Ẹ Fi Í Sí D, Ẹ Yé Fi Í Sí Fíríì

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwa ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀, ìbáà jẹ́ ní Agbowó tàbí ní Bódìjà: bí ọkọ̀ ọ́tò bá ní pádù lẹ́yìn sítíárìn, ṣé kí èèyàn máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí jíà ni, àbí kó fi í sí D kó sì gbàgbé rẹ̀? Àwọn kan ní ẹni tó bá fi í sí D kò wa ọkọ̀ rárá, pé ọkọ̀ ló ń wa olúwarẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹ̀fẹ̀ lásán ni pádù, pé ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ ní gó-sílóò Ọjà Bódìjà ń wá ẹni tí yóò wo òun ni. Èmi náà ní èrò tèmi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kí n tó jáde ní ẹ̀ka wa: nínú ìlú, ẹ fi í sí D. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ lo pádù. Ṣùgbọ́n àṣà kẹta kan wà tó burú ju méjèèjì lọ, tí a kì í bá ara wa jà lé lórí, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló lè pa wá. Fíríì ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé pádù fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ewé kéékèèké méjì ni, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, lẹ́yìn sítíárìn. Wọ́n kọ àmì àròpọ̀ sí ti ọ̀tún, wọ́n kọ àmì àyọkúrò sí ti òsì. Bí o bá fa ti ọ̀tún, ọkọ̀ á gun jíà kan sí i. Bí o bá fa ti òsì, á sọ jíà kan kalẹ̀. Kò sí kílọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Àṣẹ lásán ni ọwọ́ rẹ ń pa, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí o bá ní kó sọ jíà kalẹ̀ nígbà tí eré ti pọ̀ jù, á kọ̀ fún ọ kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́. Bí o bá dúró láì sọ jíà kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á padà sí ìkíní. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tó ń kọjá ní Ring Road àti Challenge ló ní i: Toyota Camry SE ti ọdún 2012, Corolla S ti ọdún 2014, Honda Fit Sport ti ọdún 2009. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ra ọkọ̀ wọ̀nyí ni kò fọwọ́ kan ewé náà rí.

Orí pápá eré ìje ni pádù ti wá. Ní ọdún 1989, John Barnard tó ń ya ọkọ̀ fún Ferrari gbé ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n ń pè ní 640. Ó yọ ọ̀pá jíà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó sì gbé ewé méjì sẹ́yìn sítíárìn. Ìdí rẹ̀ yéni: ẹni tó ń sá eré àsápajúdé kò gbọdọ̀ yọ ọwọ́ kan kúrò lórí sítíárìn, bí kò bá sì sí ọ̀pá jíà, a lè ṣe ara ọkọ̀ náà ní tínrín kí afẹ́fẹ́ lè yẹ̀ fún un. Nigel Mansell fi ọkọ̀ yẹn borí nínú ìdíje àkọ́kọ́ tó lọ, ní Bràsíìlì. Ní ọdún 1997 ni Ferrari wá fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ tí èèyàn lè rà lọ sílé, ìyẹn F355. Láti ibẹ̀ ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé inú Corolla.

Ọ́tò ní tirẹ̀ ti dàgbà jù ú lọ fíìfíì. Ní ọdún 1939 ni ilé-iṣẹ́ General Motors kéde Hydra-Matic, tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ Oldsmobile ti ọdún 1940. Nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìgboro ni wọ́n ṣe ṣe é, kí ẹsẹ̀ òsì lè sinmi. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọ̀kan wá láti pápá eré ìje, èkejì wá láti ojú títì. Èwo nínú méjèèjì ló jọ ọ̀nà láti ẹnu géètì yunifásítì dé Ọjà Bódìjà ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi í sí D nínú ìlú. Ní Agbowó, ọkọ̀ á rìn bí ìwọ̀n ilé méjì, á dúró kí ọ̀kadà kọjá, á tún rìn, á tún dúró nítorí Micra kan tó ń já èrò láàárín títì. Jíà kìíní sí ìkejì, ìkejì sí ìkíní, bẹ́ẹ̀ náà ni títí. Kò sí ohun tí pádù lè ṣe níbẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kò ní ṣe kíákíá jù ú lọ. Yàtọ̀ sí èyí, bí ọ̀nà bá ṣí díẹ̀, kọ̀ǹpútà á tètè gun jíà òkè kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí jẹ́jẹ́, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tó ń yí jẹ́jẹ́ kì í mu epo púpọ̀. Ọ̀pọ̀ àwa tó ń tẹ pádù ló máa ń fi ọkọ̀ sí jíà ìsàlẹ̀ pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, torí pé ariwo rẹ̀ dùn mọ́ wa létí. Epo ni ariwo yẹn. Lójú pópó tí kòtò wà, tí ọmọdé lè já lu títì nígbàkigbà, ojú àti ọkàn awakọ̀ níṣẹ́ tó pọ̀ ju kó máa ka jíà lọ.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kì í ṣe ìlú pẹrẹsẹ. Orúkọ àdúgbò wa ti sọ ọ́: Òkè-Àdó, Òkè-Bọ́lá, Òkè-Ààrẹ, Òkè Mápó. Orí òkè ni wọ́n kọ́ Premier Hotel sí ní Mọ́kọ́lá, orí òkè náà ni Bower's Tower dúró sí láti ọdún 1936. Ẹni tó bá ń gbé ìlú yìí, gígùn àti sísọ̀ ni ìrìn rẹ̀. Ibi tí pádù ti wúlò gan-an nìyí.

Bí ọkọ̀ bá wà ní D, tí o gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọ̀pọ̀ ọ́tò á gun jíà òkè nítorí wọ́n rò pé ìrìn ti rọrùn. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan gbọ́n tó láti mọ̀ pé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni àwọn wà, àmọ́ ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa kò mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ á wá máa sáré sí i, bíréèkì nìkan ni yóò máa dá a dúró. Bí o bá tẹ bíréèkì láìjá ẹsẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn, pàápàá pẹ̀lú ẹrù àti èrò, á gbóná. Bó bá gbóná jù, kò ní mú bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Ọ́ìlì bíréèkì pàápàá lè hó, kí ẹsẹ̀ rẹ kàn máa rì lọ sílẹ̀. Fa pádù òsì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Táyà ni yóò máa yí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á sì lọ́ra láti yí, ọkọ̀ á wá máa sọ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òyìnbó ń pè é ní bíréèkì ẹ́ńjìnnì. Mo fẹ́ràn bí àwọn àgbà awakọ̀ wa ṣe ń sọ ọ́ jù: “Fi jíà dì í mú.” Ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ó sì sọ ẹni tó ń ṣe é.

Kò pọn dandan kí ọkọ̀ ní pádù kó tó lè ṣe èyí. Àwọn Corolla tó jáde láàárín ọdún 2003 sí 2008 ní 2 àti L lára ọ̀pá jíà wọn, wọ́n sì ní bọ́tìnnì O/D lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti bá àwọn èèyàn pàdé tó ti wa irú ọkọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún tí wọn kò mọ iṣẹ́ tí L ń ṣe. Iṣẹ́ kan náà tí pádù òsì ń ṣe ni.

Wàyí o, fíríì. Nínú gbogbo lẹ́tà tó wà lára ọ̀pá jíà ọ́tò, N nìkan ni a kì í pe orúkọ rẹ̀. Òyìnbó tó kọ ọ́ síbẹ̀ ń pè é ní neutral, ìyẹn ni pé kò sí níwájú, kò sí lẹ́yìn. Àwa kò mú ọ̀rọ̀ yẹn. Láti ayé ọkọ̀ onílọ́ọ̀ṣì ni àwọn awakọ̀ wa ti mú free, wọ́n fi fáwẹ̀lì sáàárín kọ́ńsónáǹtì méjèèjì bí èdè wa ṣe fẹ́, ó di fíríì. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni fíríìjì ṣe wọlé, bẹ́ẹ̀ ni bíréèkì ṣe wọlé. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ti wọlé gba ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú ìtumọ̀ mìíràn: ohun tí a kò sanwó fún. Ìró méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Nígbà tí awakọ̀ bá ní òun fi ọkọ̀ sí fíríì, ọ̀fẹ́ ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ, èmi kò sì náwó epo.

Ẹ ó rántí pé ní ọjọ́ 29 oṣù Kàrún-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, epo tí a ń rà lábẹ́ 200 náírà fún lítà kan ní àwọn iléepo NNPC ti kọjá 480 náírà, kò sì padà sẹ́yìn mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fojú sí ọwọ́ awakọ̀ Micra tí mo bá wọ̀. Ní kété tí a bá dórí òkè, ọ̀pọ̀ wọn á ti ọ̀pá jíà sí àárín. Nígbà mìíràn, wọ́n á pa iná ọkọ̀ pátápátá. Mo bi bàbá kan ní ojú ọ̀nà Dùgbẹ̀, torí pé iwájú ni mo jókòó sí.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ fi í sí fíríì?”

“Ọmọ mi, ṣé o mọ iye tí wọ́n ń ta epo ni? Kí n máa jó epo níbi tí ọkọ̀ ti lè fúnra rẹ̀ lọ?”

Bàbá yẹn kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tó ń ṣe bọ́gbọ́n mu fún ọkọ̀ tó fi kọ́ ọkọ̀ wíwà. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, kabúrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà sì ń lò. Kabúrétọ̀ kò ní ọgbọ́n orí; bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yí ló ṣe ń fa epo, yálà o tẹ iná tàbí o kò tẹ̀ ẹ́. Bí o bá fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí fíríì, ẹ́ńjìnnì á rọlẹ̀, epo á dínkù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Micra tó kún Ìbàdàn báyìí, èyí tó gba ẹ̀bùn ọkọ̀ tó dára jù lọ ní Yúróòpù lọ́dún 1993, kì í ṣe kabúrétọ̀ ló ń lò. Kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo sí i. Irú ẹ́ńjìnnì báyìí, bó bá wà nínú jíà, tí o gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kọ̀ǹpútà á ti ẹnu epo pa. Táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì, kò nílò epo. Bí o bá wá fi í sí fíríì, táyà ti já kúrò lára ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Kí ẹ́ńjìnnì má baà kú, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa ta epo sí i. Ní kúkúrú, inú jíà ni ọ̀fẹ́ wà. Fíríì ni a ń sanwó fún.

Owó epo sì kéré nínú ohun tí a ń san. Ọkọ̀ tó wà ní fíríì kò ní ohun tó dì í mú ju bíréèkì lọ. Èrò méjì níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn, àpò gààrí nínú búùtù, ó di kí bíréèkì kan ṣoṣo gbé gbogbo rẹ̀. Bí ọmọdé bá já lu ọ̀nà, awakọ̀ kò lè tẹ iná sá fún un láì kọ́kọ́ wá jíà. Ní ti ẹni tó pa iná ọkọ̀, bó bá ti tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, agbára tó ń ran ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ á tán, bíréèkì á le bí òkúta. Sítíárìn tó ń lo agbára ẹ́ńjìnnì náà á le. Aláàárù tó ń jẹ búrẹ́dì, awọ orí ara rẹ̀ ló ń jẹ. Owó tí a rò pé a fi pamọ́ sínú epo, a ti fi ra bíréèkì, bí a bá ríire. Bí a kò bá ríire, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ èyí. Ìwé òfin ojú pópó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Highway Code, ya òfin 122 sọ́tọ̀ fún àṣà yìí nìkan: ó ní ó ń dín agbára awakọ̀ lórí ọkọ̀ kù, pé eré ọkọ̀ á tètè pọ̀ bó bá ń sọ̀, pé bíréèkì lè má mú dáadáa mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí wọ́n ń wakọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, á ti kà á kí wọ́n tó ṣe ìdánwò.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú jíà ọkọ̀, kí n lọ gbájú mọ́ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi. Ìdáhùn mi ni pé a kọ́ wa ní ẹ̀ka yìí pé kí a máa tẹ́tí sí bí èèyàn ṣe ń pe nǹkan, torí pé orúkọ máa ń ti èrò kiri. Bó bá jẹ́ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni a ti ń pe N ní “já-a-sílẹ̀”, mi ò rò pé ọ̀pọ̀ ìyá ni yóò jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀ tí dírẹ́bà rẹ̀ bá ní, “Mo ti já a sílẹ̀ o.” Mi ò ní kí a pa fíríì rẹ́ nínú èdè, kò sí ìgbìmọ̀ tó lè pa ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ ń lò rẹ́. Mo ní kí a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń tan wá.

Àwọn mìíràn á ní ẹni tó ń wa ọ́tò tó ní pádù ti jìnnà sí wàhálà oní-Micra. Kò jìnnà. Mo ti jókòó nínú Camry tó ní pádù méjèèjì, tí ẹni tó ń wà á fi í sí N láti orí òkè Premier títí dé ìsàlẹ̀ Mọ́kọ́lá, nítorí bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun èlò tó yẹ kó lò wà lábẹ́ ìka rẹ̀. Ìjà lórí ẹni tó jẹ́ awakọ̀ gidi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ní pádù, ẹ ka ìwé tó bá a wá, kí ẹ mọ̀ bóyá inú D ni ó ti ń ṣiṣẹ́ àbí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi í sí M tàbí S. Ẹ jẹ́ kó wà ní D láti Agbowó dé Challenge. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ẹ fa ti òsì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ máa fà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí táyà má baà yọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ lójú ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, ẹ fà á kí ẹ tó jáde, kí agbára ti wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín kò ní pádù, ẹ wo L, ẹ wo 2, ẹ wo O/D.

Àwa tí a kò ní ọkọ̀, tí a pọ̀ jù nínú ẹ̀ka yìí, ẹnu ni pádù tiwa. Bí dírẹ́bà bá ti jíà sí àárín lórí òkè, ẹ fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má sọ fún un pé kò mọ ọkọ̀ wà, torí ó ti ń wà á kí a tó bí wa. Ẹ sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ owó, torí ọ̀rọ̀ owó ló gbé e débẹ̀: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà nínú jíà. Micra yìí kì í mu epo bó bá ń sọ̀ nínú jíà.” Bàbá tí mo sọ fún bẹ́ẹ̀ wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní òun á bi mẹkáníìkì òun. Ìyẹn tó mi. Mẹkáníìkì yóò sọ òtítọ́ fún un.